Bí A Ṣe Wá Ilé fún Mọ́námọ́ná

Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń tọ́jú òkú ejò. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní politẹ́kíníìkì tó wà ní Ọ̀fà: èmi ni mo ń bójú tó láàbù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Lórí pákó tó wà lẹ́yìn tábìlì mi, paramọ́lẹ̀ wà nínú ìgò, sèbé wà nínú ìgò, agbádú náà ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn ká jọ sínú oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, wọ́n sì ti ṣá láwọ̀ bí aṣọ tí oòrùn pa. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń nu eruku ara ìgò wọn. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí bí ara ejò ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀, irọ́ ni mo máa ń pa. N kò fọwọ́ kan èyí tó wà láàyè rí.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún kan, mo lọ ra iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Ojoku. Ó ti pẹ́ tí èmi àti baba yìí ti ń ra, tí a ń tà. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun dé oko, kí n lè fi ojú ara mi rí èyí tí òun máa wà fún mi. Ebè kẹta ló ń tú lọ́wọ́ tí nǹkan kan fi yí jáde láti abẹ́ ewé gbígbẹ, ó ká roboto bí òṣùká tí obìnrin sọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó sọ ẹrù. Mọ́námọ́ná ni, ejò tí kò lóró. Ó ti ki orí bọ àárín ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe bí ẹ̀rù bá bà á. Baba gbé àdá sókè. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti di ọwọ́ baba mú.

Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti yé òun. Ó ní òtítọ́ ni, ẹran rẹ̀ máa ń dùn jù bó bá jẹ́ pé ìdí ààrò gan-an ni wọ́n ti pa á. Ó fi ọ̀pá tì í sínú àpò, ó fi okùn di ẹnu àpò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bó awọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi eérú fọ̀ ọ́, àti ìdí tí kò fi yẹ kí n fi tòmátì sí ọbẹ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi títí a fi dé ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún àgbàlagbà tó fi tìfẹ́tìfẹ́ kọ́ni ní ọbẹ̀ pé àlejò ni mo fẹ́ fi ẹran náà ṣe. Mo kàn ń dúpẹ́ ni.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìyàwó mi, Ilemona ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe obìnrin aláriwo. Bí inú bá bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, tí á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tó ti ọ́fíìsì gómìnà wá. Nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú àpò fún un, ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. Lẹ́yìn náà ló wá là á sílẹ̀. Ẹran náà kò gbọdọ̀ wọ yàrá, kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀, ilé náà gbọ́dọ̀ ní àgádágodo, ọwọ́ òun sì ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Bí Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa tàbí ẹgbẹ́ àwọn ìyá bá béèrè ọ̀rọ̀, èmi ni mo máa dáhùn.

Ó ní, "Bí ẹ bá fara mọ́ ọn, Daddy, ẹ sọ. Bí ẹ ò bá fara mọ́ ọn, iná wà lórí gáàsì, ẹ ti mọ ọbẹ̀ rẹ̀ sè."

Mo fara mọ́ ọn. Títí a ó fi rí ilé, inú bókẹ́ẹ̀tì ńlá kan ni mo fi mọ́námọ́ná sí. Mo lu ihò sí ìdérí rẹ̀, mo gbé òkúta lé e. Ìyàwó mi wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó lọ gbé ọlọ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e lé orí òkúta.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe káfíńtà tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́. Mo ní kó kan ilé fún ohun ọ̀sìn kan fún mi. Ó bèèrè bóyá adìyẹ ni, mo ní rárá. Ó ní ehoro ńkọ́, mo ní kì í ṣe ehoro. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó fi há etí, ó ní kí n sọ bó ṣe máa tóbi tó. Mo ní kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kó fẹ̀ tó méjì, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ lọ.

Ó ronú díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹran wo ló gùn tó yẹn tí kò ga?"

"Ẹran kan ni."

"Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Kò ní."

Ó dá pẹ́ńsùlù padà sí etí. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí àga ṣọ́ọ̀ṣì kan tí òun kò tíì kàn tán, ó kí mi pé ó dàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni.

Ibi tí mo ti wá rí ilé ni ọ̀nà réluwéè. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ta búrẹ́dì àti pọ́fù-pọ́fù tẹ́lẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀, ó ti bọ́ sídìí pí-ó-ẹ́ẹ̀sì. Ṣó-gíláàsì rẹ̀, àpótí onígíláàsì tó máa ń pàtẹ wọn sí, wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, eruku ti bò ó. Mo rí i, ọkàn mi fà sí i. Gíláàsì ni yípo, bí èèyàn bá dúró níhìn-ín ó máa rí inú rẹ̀, bó bá dúró lọ́hùn-ún ó máa rí inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilẹ̀kùn kékeré tó ṣe é fi àgádágodo sí. Obìnrin náà bi mí ohun tí mo fẹ́ máa tà. Mo ní n kò fẹ́ ta nǹkan kan. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ géètì politẹ́kíníìkì ni mo máa gbé e sí, kí n má fi ẹyin dù wọ́n nínú ẹ́ẹ̀gì-róòlù, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí tó ní odindi ẹyin yàtọ̀ sí èyí tó ní ààbọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Lọ́sẹ̀ yẹn, n kò rò pé ẹnì kan wà ní Ọ̀fà tó gba ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tó mi.

A fi kẹ̀kẹ́ gbé e délé. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo gbé e sí pálọ̀, ní ibi tí oòrùn kì í ti í pa nǹkan láti ojú fèrèsé. Mo ti kàwé lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ejò kì í ní ooru tirẹ̀, ibi tó bá wà ló ti ń yá a. Nítorí náà, apá kan ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ móoru, kí apá kejì tutù díẹ̀, kó lè máa lọ sí èyí tó bá wù ú. Mo kọ́ gílóòbù àtijọ́ sí apá ọ̀tún, mo fi àwọ̀n wáyà bò ó kó má baà jó o. Mo da ewé gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, mo gbé abọ́ omi sí àárín, mo gé ẹ̀ka gúáfà kan sí i kó máa gùn ún. Mo lu ihò afẹ́fẹ́ sí òkè, wọn kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ àránpò lọ. Nígbà tí mo gbé mọ́námọ́ná jáde nínú bókẹ́ẹ̀tì, mo wá mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kò yọ̀, kò sì tutù bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbẹ, ó dán, ó wúwo bí ọwọ́ ọmọ tó ti sùn lọ.

Iná ọba ní tirẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn débi pé ètè gbogbo wa là, iná á sì lọ fún ọjọ́ méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ omi gbígbóná sínú ike, mo máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ wọ ike náà kí gbígbóná rẹ̀ má baà bó ejò lára, mo máa ń tẹ́ ẹ sí apá ọ̀tún. Ìyàwó mi rí ìbọ̀sẹ̀ tí mo máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lára ike. Ní ọjọ́ kejì, mo bá ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ mẹ́rin lórí ṣó-gíláàsì, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn.

Wàhálà wa àkọ́kọ́ ni ti kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó mi so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì rẹ̀, Ilemona ló sì máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo wà ní ìsinmi, mọ́námọ́ná da abọ́ omi nù, gbogbo ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin. Omi bẹ́ẹ̀ lè ba awọ rẹ̀ jẹ́. Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, kò wọlé. Mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ilemona.

Àwọn márùn-ún ló wà ní ọ́fíìsì wọn, Alhaji tó jẹ́ ọ̀gá wọn jókòó sídìí tábìlì ńlá. Ìyàwó mi kò sọ fún ẹnì kankan níbẹ̀ pé a ní ejò. Mo kí gbogbo wọn, mo ní kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà. Alhaji, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bi mí bóyá kò sí nǹkan nílé. Ìbéèrè òjijì kì í jẹ́ kí n rí irọ́ pa. Mo ní, "Kò sí o, sà. Ejò wa ló da omi nù."

Obìnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Alhaji wò mí, ó wo ìyàwó mi. Ó rọra bèèrè bóyá "wa" ni mo sọ.

Ohùn ìyàwó mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó ní, "Tiwọn ni, sà," ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi láìwo ojú mi.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń bèèrè àlàáfíà ejò lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó bèèrè tàwọn ọmọ. Ó ń bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ó ní etí ni? Ṣé ó máa ń pa ojú dé bó bá sùn? Ó ní Alhaji ló fẹ́ mọ̀. Mo máa ń dáhùn, ó sì máa ń ní kí n tún un sọ kí òun má baà ṣì í sọ.

Ìròyìn dé ṣọ́ọ̀ṣì náà. Fíkà wa wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọn kò kúrò lójú kan náà, níwájú ṣó-gíláàsì. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní kí a gbàdúrà sínú ilé. A dìde, a di ojú. Àdúrà náà gùn, ó dára, ṣùgbọ́n ó ń sáré ju ti ìgbàkígbà lọ, mo sì mọ ohun tó fà á: ojú Fíkà là sílẹ̀ kedere ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gbà á. Wọn kò lè bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé mọ́námọ́ná kò jẹun. Mo mú eku funfun kan wá láti ibi tí a ti ń sìn wọ́n fún láàbù, mo gbé e sínú ilé rẹ̀. Eku náà rìn yípo, ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, ó gun ẹ̀yìn mọ́námọ́ná, ó sùn. Mo yọ ọ́ kó má baà gé ejò jẹ. Mo dán an wò lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, bákan náà ni. Kí ebi má baà pa eku, mo ń fún un ní búrẹ́dì. Ìyàwó mi dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń run búrẹ́dì sínú abọ́, ó wá bèèrè ilé tí wọ́n ti ń fún oúnjẹ ní oúnjẹ.

Oṣù kan kọjá, ó di méjì. Mo gbé ejò lọ sí láàbù, mo wọ̀n ọ́n. Ó ti fúyẹ́ sí i. Mo yí gílóòbù padà, mo yí abọ́ padà. Nígbà tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi ní nínú gbogbo ará ilé wa, mọ́námọ́ná nìkan ló ń gbààwẹ̀ tó ṣe é fi yangàn. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ti rí òkú ejò tó pọ̀.

Kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ti dé láti Èkìtì. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní Ìlọrin, dókítà sì ní kó dúró sí tòsí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n di ojú kan, wọ́n fi dígí dúdú bo èkejì tí kò ríran dáadáa tẹ́lẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní sọ ọ̀rọ̀ ejò fún un. Ibi tí Màmá sì yàn láàyò nínú pálọ̀ ni àga tó kọjú sí ṣó-gíláàsì. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bi ọmọ rẹ̀ ta ló ń ta búrẹ́dì nínú ilé. Ìyàwó mi ní kò sí. Màmá ní òun ń rí ṣó-gíláàsì fírífírí, òun sì ti jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti dé, ẹyọ ẹnì kan kò wá rà á. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà ọjà wa. A ṣe àmín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú bándéèjì, ọ̀sán la padà délé láti Ìlọrin. Màmá ń yí ká pálọ̀, ó ń wo gbogbo nǹkan. Ó ní kọ́tíìnì wa dọ̀tí. Ó wò mí, ó ní òun kò mọ̀ pé mo ti hu ewú tó báyìí. Ó wá dé iwájú ṣó-gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Màmá wo inú rẹ̀ títí, kò yí orí padà.

"Ṣé ó wà láàyè?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń wò mí?"

Mo ní ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Ó mi orí. Ó ní òun mà ti gbàdúrà kó tà. Ó lọ jókòó sórí àga tó jìnnà jù, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi.

Kò sọ̀rọ̀ ejò mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni àga tó ń jókòó lé máa ń sún mọ́ ọn díẹ̀. Mo ti rò pé ó máa ní kí n lé e jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú eku lọ́wọ́, mò ń bẹ mọ́námọ́ná, Màmá wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Àna mi, ẹ bá mi gbé ẹran yín kúrò lójú ọjà."

Mo ní kò yé mi.

"Bó bá kọjú síbí, ẹ̀yin ló ń rí. Bó bá kọjú sọ́hùn-ún, èmi ni. Bó bá yíjú, fèrèsé ni. Ta ló lè gbé òkèlè bá ẹnu bẹ́ẹ̀?"

Mo kà á lórí fóònù, kì í ṣe pé n kò kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ṣókùnkùn tó lè sá wọ̀. Mo fo ibẹ̀ kọjá nítorí pé mo fẹ́ máa rí i. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wo ejò nínú ìgò, mo sì tún lọ wá ìgò tó tóbi jù fún èyí tó wà láàyè.

Màmá kò tíì parí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Èmi náà, láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, n kò tíì sùn lójú oorun kan tí ẹnì kan ò yọjú wò mí."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Yàrá àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n ti lọ, la fún Màmá. Ó ti tó ọdún méjì tí ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn ibẹ̀. A yọ ilẹ̀kùn, a ta kọ́tíìnì, a ní a máa ṣe é láìpẹ́. Inú yàrá yẹn kan náà la kó gàárì, ẹ̀wà àti epo sí. Ìyàwó mi ń bẹ̀rù kí ìyá rẹ̀ má ṣubú, nítorí náà ó máa ń ká kọ́tíìnì sókè bóyá ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Èmi náà máa ń gba ibẹ̀ lọ bu gàárì. Màmá lè máa wọṣọ, ó lè máa gbàdúrà, mo máa ń sọ pé kí wọ́n má bínú, mo máa ń kọjá. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ti ní kí wọ́n má bínú, ó ti tán.

Ìyàwó mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti gbọ́ ọ. Ó ní, "Mo rò pé mò ń tọ́jú yín ni, Màmá."

Màmá ní, "Ò ń tọ́jú mi. Ó kàn pọ̀ jù ni."

Ìyàwó mi padà sínú ilé ìdáná. Nígbà tó gbé oúnjẹ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní èéfín ni. Gáàsì la fi ń dáná.

Mo tún pe káfíńtà. Mo ní ilẹ̀kùn ni, ti Màmá ni, ẹni tó ń gbé yàrá náà ní ẹsẹ̀ méjì. Ó wá. Ó yọ férémù tí ikán ti jẹ, ó gbé tuntun sí i, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì fi ìdábùú irin sí i nínú gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe ní kó ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi pákó bo gíláàsì mẹ́ta lára ilé ejò, ó ní pákó òun ti tán. Pákó mẹ́rin wà lórí kẹ̀kẹ́ tó fi kó ẹrù wá. N kò bá a jiyàn.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la wá fi bò ó, èyí tí àwọn tó ń du ipò pín kiri lásìkò ìbò. Mo ti ń lẹ̀ ẹ́ kí ojú àwọn olóṣèlú náà kọ sínú, kí pálọ̀ wa má baà dà bí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ìyàwó mi ní kí n yí wọn síta. Ó ní ẹran tí kò tíì jẹun láti Kérésìmesì, kí a má tún fi ojú àwọn wọ̀nyí lé oúnjẹ sá fún un.

Ìkòkò ni Màmá fúnra rẹ̀ wá. Ó rí ìkòkò omi àtijọ́ kan lẹ́yìn kànga aládùúgbò wa, apá kan ẹnu rẹ̀ ti fọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n kó má baà ní àkekèé nínú, ó sì júwe bí mo ṣe máa dojú rẹ̀ délẹ̀ sí apá ibi tó móoru, kí ibi tó fọ́ di ẹnu ọ̀nà. Mo gbé mọ́námọ́ná sínú ilé. Ó na ahọ́n síta, ó yọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan, ó dé ibi tí ìkòkò fọ́ sí, ó dúró. Ó ki orí wọlé. Ìyókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí ìrù rẹ̀ fi wọlé kẹ́yìn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú ilé náà, a tẹjú mọ́ ìkòkò. Kò sí ohun tí a lè rí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnì kankan nínú wa tó dìde.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, kò yọjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ keje, mo fi eku sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, n kò kúrò nítòsí, ṣùgbọ́n mo kọ ẹ̀yìn sí i, bí Màmá ṣe ní kí n ṣe. Mo gbọ́ tí ewé gbígbẹ ró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo yíjú, eku ti lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ìlàjì ara mọ́námọ́ná lẹ́nu ìkòkò, ikùn rẹ̀ yọ gbùngbùn. Mo pe ìyàwó mi ní ọ́fíìsì. Kí n tó sọ tán, ó ti yíjú sọ fún wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́, Alhaji sì ń bèèrè bóyá láàyè ló gbé e mì tàbí ó kọ́kọ́ pa á.

Màmá ní tirẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kan ilẹ̀kùn tán, ó jẹun àárọ̀, ó wọlé, ó ti ìdábùú. Ìyàwó mi ti kó gàárì àti epo kúrò níbẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Mo rí i tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó gbé ọwọ́ sókè láti kàn án, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó lọ. Ó tún padà wá, ó fi etí lé e.

Màmá ní láti inú yàrá, "Mo wà láàyè."

Ọ̀sán ti lọ jìnnà kó tó jáde. Ara rẹ̀ yá, ó bèèrè oúnjẹ, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tún bu sí i. Ìyàwó mi jókòó tì í. Wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn ará Èkìtì, ẹni tó kú àti ẹni tó kọ́lé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí èmi fi jáde fún wọn.

Ìgbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa ni Màmá tó padà sílé. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ débi pé kó tó lọ, ó ti rí gbogbo àlébù tó wà lára ilé wa, ó sì ti sọ ọ́. Mo rò pé a máa kó gàárì padà sí yàrá náà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń wá ìyàwó mi, kò sí nílé ìdáná, kò sí lẹ́yìnkùlé. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn tuntun yẹn, mo tì í, kò ṣí. Mo kàn án. Ó ní òun ń bọ̀. Ó lé ní wákàtí kan kó tó jáde, kò ṣàlàyé, n kò sì bèèrè. Gbogbo Sátidé ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí.

Mọ́námọ́ná ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ó ti gùn sí i, ó sì ti sanra. Bí ọjọ́ Sátidé bá dé, òun wà nínú ìkòkò, ìyàwó mi wà nínú yàrá, èmi nìkan ni mo máa ń wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa yọjú wò mí, tí mò ń dá wọn lóhùn pé a dúpẹ́, àlàáfíà ni.